Ilé Àwọn Tí Kì Í Sọ Pé Ó Tó

Kẹ́tùlù ni ọmọ ọmọ mi bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ sọ fún mi pé òun ń lọ kọ́ ìjà.

"Kẹ́tùlù," ó ní, "bá mi sọ fún Bàbá Àgbà pé mo fẹ́ máa kọ́ ìjà lẹ́yìn ilé-ìwé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo."

Èmi náà wà ní ilé ìdáná nígbà náà, mò ń wá ọ̀bẹ tí màá fi gé búrẹ́dì. Bí mo bá na ọwọ́, màá kàn án. Ṣùgbọ́n a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti ṣí fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ àgbà, tí mo lọ tì í. Ó tún ṣí i, mo tún tì í. Nínú ilé wa, bí èèyàn méjì bá ń bínú síra wọn, ohun èlò ni wọ́n ń rán sí ara wọn.

"Kẹ́tùlù," èmi náà ní, "sọ fún un pé ọmọbìnrin tó bá fẹ́ jà kò nílò olùkọ́. Kó kàn lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì láàárọ̀."

"Kẹ́tùlù, sọ fún wọn pé kì í ṣe irú ìjà yẹn. Ìjà àdàlù ni. M.M.A. ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ń ta ìpá, wọ́n ń jìjàkadì, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀."

"Kẹ́tùlù, bi í léèrè, ó wá ku èwo? Ṣé kí wọ́n máa géra wọn jẹ ni?"

"Kẹ́tùlù, sọ fún wọn pé òfin kò gba ìyẹn láàyè." Ó gbé ife rẹ̀. "Kí o sì bá mi sọ fún wọn pé mo ti bẹ̀rẹ̀."

Omi hó. Kẹ́tùlù bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ó jọ pé ọ̀rọ̀ wa ti sú òun náà.

Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, a kì í lo kẹ́tùlù. Òun ló ń rìn láàárín èmi àti ọmọ náà. Bí a bá jà láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ìyàwó mi á ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọmọ yẹn ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ojú ló ń tì í tí kò fi wá fúnra rẹ̀." Màá ní kò burú, á sì parí síbẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi pé olórí líle ni ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó mi, kò bẹ̀ mí rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Mo gbà pé ọ̀fọ̀ ló ba ìwà rẹ̀ jẹ́. Mo ní sùúrù fún un nítorí ìyẹn, mo sì ń retí kó wá bẹ̀ mí.

Ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin, ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn tó jìnnà. Ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ náà ti dàgbà láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ga jù mí lọ díẹ̀, kò sì fi ìyẹn pa mọ́ fún mi. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ àga ni mò ń ṣe. Ẹni tí tìmùtìmù àga rẹ̀ bá rì, tàbí tí awọ rẹ̀ bá ya, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá.

Mo lọ sí ibi ìjà náà láti lọ wá ẹ̀sùn. Bí mo bá rí ẹyọ kan tó dúró, màá mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀, kẹ́tùlù á sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ti kó táyà lọ, wọn ò kó òórùn rẹ̀ lọ. Máàtì búlúù bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Awọ rẹ̀ ti fàya láàárín, ẹnì kan sì ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ó tún lẹ òmíràn lé e, bí ẹni ń di egbò tí kò fẹ́ wò. Àpò ńlá mẹ́ta rọ̀ sókè láti orí irin. Ọkùnrin kúkúrú kan wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Etí rẹ̀ méjèèjì ti wú, wọ́n rí bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò tí wọn ò tíì yan. Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ bàtà."

"Mi ò wá kọ́ ìjà."

"Mo mọ̀, sà. Bàtà ò mọ̀."

Mo bọ́ bàtà. Mo jókòó sórí àga onípákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ká apá mọ́ra, mo ń wá ẹ̀sùn. Kóòṣì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, gbogbo wọn dákẹ́. Ó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Ọkùnrin gàgàrà kan wà níbẹ̀, mẹ̀kánííkì, tí orí rẹ̀ jókòó sórí èjìká láìsí ọrùn láàárín. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lorúkọ tí wọ́n fún un. Ó wá kí mi tìtẹríba, ó béèrè bóyá mo máa mu omi. Ọmọ ọmọ mi, tí mo gbọ́dọ̀ pè ní àpètúnpè kó tó gbé abọ́ kúrò lórí tábìlì, mú ìgbálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó gbá gbogbo etí máàtì. Ìyẹn dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Kóòṣì wá bá mi. "Kí lẹ rí sí i, Bàbá?"

Mo ti wá gbogbo ibẹ̀. "Bí wọ́n ṣe tún máàtì yìí ṣe kò dáa," mo ní.

"Ẹni tó tún un ṣe kì í ṣe télọ̀, sà."

"Ó hàn. Ta ni?"

"Èmi ni."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ síbẹ̀ nìyẹn. Mi ò lè fi ojú mi rí irú awọ bẹ́ẹ̀ kí n sùn. Mo mú òwú àti abẹ́rẹ́ títẹ̀ mi lọ, mo tú téèpù náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti igun. Bí wọ́n bá ń kọ́ ìjà lápá kan, èmi á wà lápá kejì tí mò ń rán nǹkan. Ẹni tó bá bi mí, máàtì ni mo bá wá.

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tuntun kì í lu ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ ni bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń tápù. Bí ẹnì kan bá ká ọ lápá, tàbí tó fi apá há ọ lọ́rùn, tí o sì rí i pé kò sí ọ̀nà mọ́, wàá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara rẹ̀, tàbí kí o lu máàtì. Tápù nìyẹn. Ẹni náà á fi ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó fọwọ́ kan ọwọ́, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń fi ọwọ́ gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ń tápù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Lójú mi, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń juwọ́ sílẹ̀ kò yẹ kó máa pe ara rẹ̀ ní ibi ìjà.

Ọmọ ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣubú. Kò pẹ́ tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣubú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n tápù kò wọ̀ ọ́ lára rárá.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ onígbàjámọ̀ òdì kejì títì. Kò ju egungun àti ojú lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dì mọ́ ọ, ó di òjò, kò sí ibi tí kò ní wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ti dá ọmọ ọmọ mi dùbúlẹ̀, ó sì ti na apá rẹ̀ kọjá itan ara rẹ̀.

"Tápù," Tẹ́ẹ́rẹ́ ní.

"Sí kí ni?"

"Apá ẹ ni mo mú dání yìí o."

"Mú un dáadáa nígbà náà."

"Ó máa dá."

"Ṣé apá ẹ ni?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló tú u sílẹ̀. Ó jókòó, ó gbá irun kúrò lójú. "Kóòṣì, mi ò lè bá igi jà. Ẹ fún mi ní èèyàn."

Mo tẹ orí mọ́ iṣẹ́ mi, mo gé òwú. Inú mi dùn, mi ò sì jẹ́ kó hàn. Èmi ni mo tọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà Àgídí lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì rí ohun tó burú nínú orúkọ náà. Lọ́jọ́ kejì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wú bí ìgbà tí oyin ta á, ó fi ọwọ́ òsì mu tíì, kò sọ nǹkan kan fún kẹ́tùlù.

Kóòṣì rí ìgbọ̀nwọ́ náà. Ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí máàtì.

"Bàbá, mo fẹ́ dá ọmọ yín padà sílé."

"Ṣé kò ṣe dáadáa ni?"

"Ó ń ṣe dáadáa jù. Ó lágbára, ó yára, kì í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n kì í tápù. Ẹni tí kì í tápù, kò sí ẹni tó lè fi ọkàn balẹ̀ bá a ṣeré. Èmi kọ́ ni mo máa dá apá ẹ̀, sà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa dá a. Ọjọ́ yẹn, ọmọ méjì ni màá pàdánù."

"Bá a sọ̀rọ̀."

"Mo ti bá a sọ ọ́ sú. Ó ní nílé àwọn, àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo wo ẹnu rírán tí mò ń ṣe. "Òótọ́ ló sọ," mo ní.

"Mo ti sọ fún un. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ò tíì tápù, kó má wá mọ́. Mi ò bínú sí i o."

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn tí mo ń wá kiri ti wá bá mi fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé èmi ni mo mú ọmọ náà kúrò. Orí ìyẹn ni mo wà nígbà tí ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Kí lẹ jẹ lónìí?"

"Oúnjẹ."

Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, mo ti rí ilé tó ní yàrá méjì. Mo ti ní kí ọmọ yẹn máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí a ti sin Màmá. Ó ní òun ò tíì lè kúrò níbẹ̀."

"Ó ṣe dáadáa."

"Ó ní torí ibi tí àwọn ti ń jà yẹn ni."

"Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́?"

"Bàbá, kẹ́tùlù lẹ̀yin méjèèjì ń bá sọ̀rọ̀. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gba òun mọ́ lẹ́yìn Sátidé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá wá mú un. Mi ò bá yín jà. Ilé yẹn ti dákẹ́ jù fún ọmọdé."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àga tí mò ń ṣe lọ́wọ́. Mi ò tíì fi tìmùtìmù sí i, sípíríìngì rẹ̀ gún mi. Mi ò dìde. Mo ro bí ilé ṣe máa rí: abọ́ kan lórí tábìlì, bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́tùlù tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju omi lọ. Gbogbo ohun tí mo fi ń yangàn lára ọmọ náà ló máa gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ku ọjọ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Kóòṣì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀," mo ní.

"Rárá, sà."

"Ìbéèrè ni mo mú wá. Kí ló le nínú kí èèyàn fi ọwọ́ lu nǹkan?"

"Kò sí nǹkan tó le níbẹ̀, sà. Ṣé ẹ fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ wò?"

Ohun tí mo ti ń rò láti àárọ̀ nìyẹn, mo kàn ń dúró kó sọ ọ́ ni. Bí ọmọ náà bá rí i tí bàbá rẹ̀ àgbà tápù, tí kò kú, á mọ̀ pé nǹkan kékeré ni. Mo dúró títí gbogbo wọn fi dé, tí òun náà fi dé. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo fún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó bá mi mú un. Mo dùbúlẹ̀ lórí máàtì pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ mi. Imú mi súnmọ́ ẹnu rírán tí mo ṣe lọ́sẹ̀ náà, ó sì dáa.

Kóòṣì kúnlẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú bí ẹni mú ẹyin. "Tó bá ti tó, ẹ kàn lù mí jẹ́jẹ́, sà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fẹ́ lù ú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá. Mo rán ọwọ́ òsì mi níṣẹ́. Kò lọ.

"Ṣé ó ti tó, Bàbá?"

"Kò tíì tó."

"Ṣé kò dùn yín?"

"Ó ń dùn mí."

"Ṣé ẹ ò wá ní lù mí ni?"

"Mò ń bọ̀."

Ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Òógùn ti wọ̀ mí lójú. Ọwọ́ òsì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọwọ́ àlejò. Nígbà tó yá, Kóòṣì tú mi sílẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn lórí gìgísẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó wo ọmọ ọmọ mi, ó tún wò mí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "a ti rí ibi tí odò yẹn ti ń sun."

"Kóòṣì," Tẹ́ẹ́rẹ́ ní, "kí Bàbá náà máa lọ sílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo wá gbọ́ ẹ̀rín kan lẹ́yìn wọn, tó bẹ̀rẹ̀ nínú imú, tó wá bú jáde. Ọmọ ọmọ mi ni. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ti ibojì dé.

A jọ rìn lọ sílé. Kò sí kẹ́tùlù lójú ọ̀nà, nítorí náà èmi ló bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá Àgbà, ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò tápù?"

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó ta òkúta kékeré kan nípàá. "Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yà mí lẹ́nu."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń bẹ̀ mí ni?"

Mo dúró. Ẹnu ọ̀nà oníṣẹ́ aago ni a wà. "Èmi bẹ̀ ọ́? Nígbà wo?"

"Nígbà gbogbo. Tí a bá ti jà, Màmá Àgbà á wá bá mi ní yàrá. Wọ́n á ní, 'Bàbá àgbà ẹ ní kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́. Àgbà ni wọ́n, ojú ló ń tì wọ́n tí wọn ò fi wá fúnra wọn.' Mo sì máa ń ní kò burú."

"Ìwọ lo máa ń bẹ̀ mí," mo ní.

"Èmi kẹ̀? Mi ò bẹ̀ yín rí láyé mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, ẹ ò bẹ̀ mí mọ́. Mo rò pé ẹ ò rí tèmi rò mọ́ ni."

"Èmi rò pé ọ̀fọ̀ ló ba ìwà ẹ jẹ́."

A dúró níbẹ̀. Oníṣẹ́ aago wò wá láti inú gíláàsì rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó mi, tí mo fi ẹnu ara mi pè ní olóòótọ́ obìnrin lẹ́bàá ibojì níwájú gbogbo ẹbí, ti ń purọ́ fún àwa méjèèjì láti ìgbà tí ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n bínú. Irọ́ kan náà ló ń pa níhà méjèèjì, pẹ̀lú ojútì kan náà nínú rẹ̀. Kò ṣì í pa lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n gbọ́n," ọmọ náà ní.

"Ó gbọ́n," mo ní. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Nílé, ó kó fóòmù àga méjì láti ṣọ́ọ̀bù mi, ó tẹ́ wọn sí pálọ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀. Ó mú apá ọ̀tún mi.

"Ẹ máa lù mí kó tó dùn yín o."

"Tí kò bá tíì dùn mí, kí ni màá lù ọ́ sí?"

"Kóòṣì ní ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kéèyàn lù."

"Ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu."

"Bàbá Àgbà, ẹ lù mí."

Mo wo àjà. Mo gbé ọwọ́ òsì mi, mo fi lu fóòmù. Ìró kékeré ni, bí ìgbà tí mo bá ń yẹ fóòmù wò bóyá ó ti gbó. Ó tú mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé kò wó. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, ó ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe.

Ó wá kàn án. Ó dùbúlẹ̀, mo di apá rẹ̀ tí kò wú mú. Iṣẹ́ awọ ti kọ́ ọwọ́ mi, mo mọ ibi tí nǹkan ti ń le kó tó ya. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀, mo dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kejì gbéra, ó dúró lófuurufú. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Fèrèsé yẹn," ó ní, kò wò mí, "òórùn ìpara Màmá Àgbà ń lọ díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé, mo máa ń wá a. Mo ní kó kúkú lọ tán."

"Èmi tì í kó má bàa lọ."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì tún ń ṣí i." Ó pa ojú dé. "Ẹ má bínú."

Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ lu èjìká mi. Mo fi í sílẹ̀. Mo ní kí òun náà má bínú. Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu mi bí awọ tuntun, ṣùgbọ́n ó jáde.

Ní Sátidé, mi ò mú abẹ́rẹ́ lọ. Mo jókòó sórí àga onípákó. Kóòṣì pe Tẹ́ẹ́rẹ́ àti ọmọ ọmọ mi sáàárín, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra wọn. Ọmọ mi gbé e ṣubú, ó gun orí rẹ̀, mo sì rò nínú ara mi pé bóyá kò tilẹ̀ ní sí ohun tó máa tápù sí, pé bóyá ó máa borí, kí wọ́n sì lé e nítorí ìyẹn. Ìṣẹ́jú tí mo ń rò ó ni Tẹ́ẹ́rẹ́ yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi apá há a lọ́rùn.

Ojú ọmọ náà le. Mo mọ ojú yẹn. Inú dígí ni mo ti máa ń rí i. Ọwọ́ rẹ̀ di apá Tẹ́ẹ́rẹ́ mú, ó fẹ́ fà á kúrò, apá náà kò lọ. Ọwọ́ náà tú, ó gbéra, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí apá Tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ́pẹ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ kò fi í sílẹ̀.

Ó tún lù ú. Tẹ́ẹ́rẹ́ wo Kóòṣì. "Kóòṣì, bóyá eṣinṣin ló ń lé."

Ọmọ mi bá lu máàtì, gbàgà, lórí ẹnu rírán mi gan-an.

"Fi í sílẹ̀," Kóòṣì ní. "Ó tápù. Gbogbo wa la rí i." Ó fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ tó wú. "Àgídí, ọjọ́ Ajé, má pẹ́ dé."

Wọ́n ń bá a lọ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó jọ pé wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó tápù fún Tẹ́ẹ́rẹ́, ó tápù fún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tápù fún ọmọkùnrin kan tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ó ń dìde pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń fọwọ́ kan ọwọ́, ó ń sọ pé kí ẹni náà fi han òun bó ṣe ṣe é. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ọmọ tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ pé kò gbọ́dọ̀ juwọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, tó ń juwọ́ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn tó wà nínú ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nílé, ìyá rẹ̀ pè kí n tó bọ́ bàtà tán.

"Báwo ló ṣe lọ, Bàbá?"

"Ó pàdánù."

"Wọ́n lé e?"

"Rárá. Ó pàdánù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Ajé."

Ó gba àkókò díẹ̀ kí ìyẹn tó yé e. Ó wá béèrè, jẹ́jẹ́, bóyá mo ṣì fẹ́ kí òun wá mú ọmọ náà, nítorí pé yàrá kejì ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè rí ibi ìjà mìíràn lọ́dọ̀ òun. Ìdáhùn mi ti wà lẹ́nu mi: pé kó ṣe bó bá ṣe wù ú, pé èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dúró tì mí. Bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Ọmọ náà ti jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú aṣọ tó rẹ fún òógùn, ó ti fa búrẹ́dì tí mo gé fún ara mi sọ́dọ̀.

"Mi ò fẹ́ kó lọ," mo ní.

Mi ò sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi obìnrin rí.

"Ó dáa, Bàbá," ó ní. "Ó dáa."

Nígbà tí mo fi yíjú padà, kò sí búrẹ́dì kankan lórí tábìlì mọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo lọ gé òmíràn.